Ẹ má yọ Ẹ̀ṣúu kúrò nínú ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́

Sí Olótùú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọmọ ọmọ mi ló máa ń ra ìwé ìròyìn yín bọ̀ fún mi ní Sábó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n ó sì kà á láti ojú ìwé kìíní títí dé ibi tí wọ́n ti ń polówó ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà yín, ṣùgbọ́n n kò kọ̀wé sí yín rí. Ìtàn Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí ẹ ti ń sọ bí àwọn ìlú wa ṣe gba orúkọ, ló mú mi wá bíírò lónìí.

Ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àmì ohùn sórí orúkọ ìlú náà bó ti yẹ, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ẹ ní ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ògúnlọlá, ẹ ní òun nìkan ló ń dá gbé inú igbó, ẹ ní ó lọ sí Ọ̀yọ́, ó gé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń dààmú Ọ̀yọ́, orí tó gé yẹn ló sì di orúkọ ìlú. Mo kà á tán, mo tún un kà, mo ní bóyá ojú mi ló fo ìlà kan. N kò rí ìyàwó rẹ̀ níbì kankan.

Ẹ̀ṣúu lorúkọ ìyàwó náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ká mi lára tó báyìí.

Wọn ò bí mi sí Ògbómọ̀ṣọ́. Tamale ni wọ́n bí mi sí, lókè lọ́hùn-ún ní ilẹ̀ Gánà, ní ọdún 1958. Bàbá mi ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ológeere: táyà, ṣéènì, bẹ́ẹ̀lì, ìjókòó. Ìyá mi ń pàtẹ wọ́rọ́bọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù náà, abẹ́rẹ́ àti òwú, dígí àti òòyà, ọṣẹ. Yorùbá pọ̀ ní àdúgbò wa. Ará Ọ̀fà wà níbẹ̀, ará Ìgbòho, ará Ẹjìgbò, ará Ìnìṣà, àti àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn oníṣòwò bí irú bàbá mi ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú ní Gánà, inú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Haúsá ni mo fi ń nájà, èdè àwọn Dàgọ́ńbà ni mo fi ń bá ẹgbẹ́ mi ṣeré ní títì, Yorùbá tí mo fi ń kí àwọn òbí mi ò sì ju ohun tó lè gba oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá mi lọ.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ọmọ ọdún 11 ni mí. Bàbá mi gbọ́ ọ lórí rédíò, ó pa rédíò náà, ó tún tàn án, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Ó ta kẹ̀kẹ́ tuntun mẹ́ta tó wà nílẹ̀ ní iye tí kò tó owó táyà wọn. Àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sá fún un, àwọn mìíràn sì wá sanwó lóru kí ọ̀rọ̀ má baà di ti ẹlẹ́jọ́. Dàgọ́ńbà kan tó ń ra ọjà lọ́wọ́ ìyá mi gbé odidi ewúrẹ́ kan wá fún wa, ó sì jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú. A wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Kumasi, a dé Accra, a dé Aflao ní ẹnubodè. Ọjọ́ mẹ́ta la fi sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Aflao, ọyẹ́ ń fẹ́, ìyá mi sì fi aṣọ ọjà bò wá. A gba Lomé kọjá, a gba Kútọnu, a wọlé ní Ìdí-Ìrókò.

Ìlú tí a dé bá náà kò rójú. Ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà, nígbà rògbòdìyàn owó orí, ìgbà Àgbẹ́kọ̀yà, ni wọ́n pa ọba ìlú wa, Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé. Àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ ọ́ sókè. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wo àwa ọmọdé, wọ́n á dákẹ́.

Ìyá tó bí bàbá mi ló gbà wá sílé. N kò rí i rí títí di alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń se ẹ̀wà lórí ààrò nígbà tí wọ́n mú mi lọ kí i. Mo kúnlẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ó bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ìlú ibo ni ọ́?" Mo ní, "Tamale." Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé orógùn lé ẹnu ìkòkò, ó fà mí mọ́ra, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Ìlú rẹ nìyí. Ẹ̀wà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó."

Ẹ̀yin Olótùú, mo ti gbọ́ ìtàn ìlú yìí lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn láti ìgbà náà wá. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn onílù, mo ti gbọ́ ọ níbi ayẹyẹ, mo sì ti fi ẹnu ara mi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. N kò tíì gbọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí Ìyá Àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ní Ògúnlọlá àti Ẹ̀ṣúu ìyàwó rẹ̀ wá láti apá Ìbàrìbá, wọ́n pàgọ́ sí ìdí igi àjàgbọn. Wọ́n ṣe bí àwọn nìkan ló wà nínú igbó. Lọ́jọ́ kan, Ògúnlọlá rí èéfín lókèèrè. Nígbà tó ṣe, ó rí òmíràn lápá ibòmíràn. Ó tọ èéfín náà lọ, ó sì bá àwọn ọdẹ bíi tirẹ̀ níbẹ̀. Ààlè wà níbi tí a ń pè ní Òkè Ẹlẹ́rìn lónìí, Ohùnsílé wà ní Ìjẹ̀rú, Òrìṣàtólú wà ní Ìsàpá, Akándìé náà wà nítòsí. Nítorí náà, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé "òun nìkan ló ń dá gbé inú igbó", ẹ bá mi ṣàtúnṣe rẹ̀. Àwọn ará Ìjẹ̀rú ní ọba tiwọn, Oǹpetu, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn tiwọn. N kò ní í bá wọn du ohun tó jẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí agboolé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti kọ́ mi pé ẹnì kan ló dá ìlú yìí tẹ̀ dó.

Àwọn ọdẹ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Alóńgo. Wọ́n jọ ń ṣọdẹ, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń lé àwọn sùnmọ̀mí tó ń jí èèyàn kó lẹ́rú. Tí wọ́n bá ti ìgbẹ́ dé, ilé Ògúnlọlá ni gbogbo wọn ń forí lé, nítorí Ẹ̀ṣúu a ti se ẹ̀wà sílẹ̀, ọtí ọkà bàbà a sì ti wà nínú àmù. Ìyá Àgbà ń wá bó ṣe máa ṣàlàyé ọtí náà fún mi, mo sì ké pé, "Pító!" Ohun tí a ń pè é ní Tamale nìyẹn. N kò mu ún rí, torí ọmọ ìjọ ni wá, ṣùgbọ́n mo mọ òórùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti rí i báyìí pé n kì í ṣe àlejò.

Nídìí ẹ̀wà yẹn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tó kan gbogbo wọn. Àwọn tó bá bá ara wọn jà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Wọ́n sì fi Ògúnlọlá ṣe olórí ẹgbẹ́. Mo máa ń rò ó pé, ọdẹ ni gbogbo wọn, kò sí ojo nínú wọn, kí ló wá dé tó fi jẹ́ òun? Èmi ò rí ìdí mìíràn ju pé ilé rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ibi tí ìkòkò bá wà ni èèyàn ń pé sí, ibi tí èèyàn bá sì pé sí ni wọ́n ti ń dájọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdí àjàgbọn ṣe di ibi tí ará oko ń gbé ẹjọ́ wá, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ létí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí igi yìí, nítorí "igi ńlá kan" lásán lẹ pè é. Àjàgbọn ni. Kì í ṣe awín o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣi méjèèjì mú. Òun ni àwọn Haúsá ń pè ní tsamiya. Ní Tamale, ìyá mi máa ń ra èso rẹ̀ tó ti gbẹ, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó fi po kunu, ó sì máa ń kan débi pé àbúrò mi á di ojú méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi hàn mí pé àjàgbọn inú ìtàn yẹn ni tsamiya tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ ní Tamale, mo sunkún. Ọmọdé ni mí, n kò mọ ìdí tí mo fi ń sunkún. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbà pé ilé ni mo wà.

Wàyí o, ibi tí ẹ fò kọjá. Báwo ni Ògúnlọlá ṣe dé Ọ̀yọ́? Ẹ kọ ọ́ pé ó "lọ sí Ọ̀yọ́", bí ẹni lọ nájà. Kò lọ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin kan bá Ẹ̀ṣúu jà, ó sọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ sí i. Ògúnlọlá gbọ́, inú bí i, ó lu ọkùnrin náà pa. Abẹ́ Olúgbọ́n, ọba Ìgbọ́n, ni ilẹ̀ yẹn wà nígbà náà, Olúgbọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé pé kó lọ jẹ́jọ́ ẹ̀mí tó gbà. Apànìyàn tí wọ́n dè lókùn ló wọ Ọ̀yọ́. Ìyá Àgbà ò fi bò fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò pọ́n ọn lé. Ó ní ó ṣe ohun tí kò dára, wọ́n sì mú un.

Ó bá Ọ̀yọ́ nínú ìpayà. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ti ń pa wọ́n lọ́mọ ogun, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba tọmọdé tàgbà. Ògúnlọlá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tú òun sílẹ̀ kí òun lọ gbìyànjú. Ọfà ọdẹ ló mú lọ́wọ́. Ó ba níbùba, ó ta á, ó sì gé orí rẹ̀ wá fún Aláàfin. Ó-gbé-orí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, bí ahọ́n ṣe ń yí i tó ló ṣe di Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi tí ẹ parí ìtàn sí nìyẹn. Ìyá Àgbà kò parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ó ní Aláàfin fẹ́ kó dúró sí Ọ̀yọ́. Ta ni kò ní í fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nítòsí òun? Ògúnlọlá dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n máa ṣe ọ̀hún." Láti ara "ṣe ọ̀hún" yìí ni a ti rí Ṣọ̀ún, orúkọ oyè tí ọba wa ń jẹ́ títí di òní. Àwọn kan ní Aláàfin ló sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe ọ̀hún. Ní ilé tiwa, Ògúnlọlá ló sọ ọ́. Ìyá Àgbà wá bi mí pé, "Ta ló wà lọ́hùn-ún?" Mo ní, "Ẹ̀ṣúu." Ó bu ẹ̀wà fún mi.

Ṣé ẹ rí ohun tí mo ń sọ? Orúkọ ìlú wa wá láti ara ìrìn àjò tó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀ṣúu. Orúkọ oyè ọba wa wá láti ẹnu ọkùnrin tó fẹ́ padà sílé tọ̀ ọ́. Tí ẹ bá yọ obìnrin yìí kúrò, ẹ ò lè ṣàlàyé bí ọdẹ inú igbó ṣe dé iwájú Aláàfin, ẹ ò sì lè ṣàlàyé ìdí tó fi kọ ìgbádùn Ọ̀yọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún kù nípa rẹ̀. Wọ́n tún ń pè é ní Lọ́rungbẹkún. Ìtàn ní òun ló mú aṣọ funfun wọ inú bíbọ Òrìṣà Pópó, tí wọ́n fi ń dá àwọn olùsìn rẹ̀ mọ̀ láàárín ìlú. Ọbàtálá ni òrìṣà náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Onítẹ̀bọmi ni mí, n kì í bọ òrìṣà, àwọn ìyá ìjọ mi tó bá ka lẹ́tà yìí kò sì gbọdọ̀ dààmú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú kí Bowen, òyìnbó oníwàásù ọmọ Amẹ́ríkà nì, tó dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1855 ni mo ń sọ. Obìnrin tó bọ́ ìlú, tó sì fi aṣọ sí wọn lára, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà níbì kan.

N kò ní í ka ìtàn gbogbo ọba tó jẹ tẹ̀ lé e. Ilé Ògúnlọlá ló ṣì ń jọba, ọ̀pọ̀ akọni ló sì ti ibẹ̀ jáde. Tóyèjẹ àti Òjó Abúrúmákùú jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà ogun Fúlàní kò kúrò lọ́kàn mi rí. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ, tí àwọn ìlú ń fọ́, odi Ògbómọ̀ṣọ́ dúró. Ìgbọ́n tú, Ìrẹsà tú, àwọn èèyàn wọn sì sá wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ rántí pé Olúgbọ́n ni ọ̀gá Ògúnlọlá tẹ́lẹ̀, òun ló dè é lókùn lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ Olúgbọ́n ló wá di ẹni tí a gbà sílé. Títí di òní, Ilé-Ìgbọ́n àti Ìrẹsà ò jìnnà sí wa, a ń fẹ́ ara wa, a jọ ń ná ọjà. Ẹni tó sá fún ogun ni mo máa ń wò nínú ìtàn yẹn, bóyá nítorí èmi náà ti sùn ní Aflao. Ìlú tí mo wọ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1969, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bu oúnjẹ fún ẹni tó sá dé, kí wọ́n tó bí bàbá mi.

Ẹ tilẹ̀ gbọ́ oríkì wa: Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Oúnjẹ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ kì wá mọ ohun tí wọ́n fi tẹ ìlú yìí dó.

Àwa ọmọ àjò pọ̀ nínú ìlú yìí, àfi bí ẹni pé Ògúnlọlá fi bíbọ̀ láti òkèèrè sílẹ̀ fún wa bí ogún. Ọba Jímọ̀ Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, tó gorí ìtẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1973, tó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, oníṣòwò ni, Jos ló ti ṣe òwò kó tó wá jọba. Bàbá mi nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an nítorí ìyẹn. Ó máa ń ní, "Ọba yìí mọ ohun tó ń jẹ́ kí ọjà má tà." Èyí tó jẹ ní ọdún 2023, Ọba Ghandi Ọláoyè, Amẹ́ríkà ló ti bọ̀ níbi tó ti ń ṣe pásítọ̀. Nígbà tó dé, mo wà lára àwọn tó dúró lẹ́bàá títì, ẹsẹ̀ mi ń ro mí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹni kan tún ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe ọ̀hún.

Ó ku ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí gan-an, ó sì nira fún mi láti sọ.

Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí fún ọdún 35. Lọ́dọọdún ni mo máa ń jẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi ìtàn yìí ṣe eré ní ìparí sáà. Àwọn ọmọkùnrin á máa jà lórí ẹni tí yóò ṣe Ògúnlọlá, àwọn ọmọbìnrin á máa jà lórí ẹni tí yóò ṣe Ẹ̀ṣúu. Ẹni tó bá ṣe Ẹ̀ṣúu ló máa ń gbé ìkòkò ẹ̀wà wọlé, ẹ̀wà gidi tí mo sè láti ilé, gbogbo àwọn òṣèré á sì jẹ ẹ́ níwájú àwọn òbí wọn. Lọ́dún kan, aláyẹ̀wò ilé-ìwé kan wá wò wá ní ìgbáradì. Ó ní eré náà dára, ṣùgbọ́n kí n yọ ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kúrò. Ó ní ọ̀rọ̀ ìjà àti ìpànìyàn nítorí aya kò yẹ fún ọmọdé, pé ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni akọni, kí n jẹ́ kí Ògúnlọlá kàn lọ sí Ọ̀yọ́.

Mo yọ ọ́. Ẹnu ọ̀nà ìgbéga ni mo wà lọ́dún yẹn, mo sì bẹ̀rù. Ọmọbìnrin tí mo ti fi ṣe Ẹ̀ṣúu ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí. Ìyá rẹ̀ ti rán ìró àti bùbá funfun fún un. Mo ní kó wá dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn akọrin. Kò sunkún. Nígbà tí eré parí, ó wá bá mi, ó ní, "Tísà, ta ló wá ń se ẹ̀wà fún wọn?" N kò rí èsì kankan fún un. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo dá Ẹ̀ṣúu padà, n kò sì yọ ọ́ mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti lọ sí ilé-ìwé girama. N kò tíì rí i láti ìgbà náà. Ó ti di àgbàlagbà báyìí níbikíbi tó bá wà.

Nítorí náà, n kò kọ̀wé bí ẹni tó mọ́ jù yín lọ. Ohun tí ẹ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi náà ti ṣe é rí, níwájú àwọn ọmọ 40, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun. Mo mọ bó ṣe ń rọrùn tó. Orí tí wọ́n gé ló ń fa ojú, ẹ̀wà ò fa ojú. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yín ń dé ibi tí ẹnu mi ò lè dé. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Jos, wọ́n wà ní Lomé, wọ́n wà ní Abidjan, wọ́n ti padà sí Kumasi àti Tamale, wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ìyá àgbà tó máa gbé orógùn lé ẹnu ìkòkò nítorí tiwọn. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ ni wọ́n máa kà fún ọmọ wọn.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ wá àyè díẹ̀ fún un nínú èyí tó ń bọ̀, ì báà jẹ́ nísàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó Ògúnlọlá ń jẹ́ Ẹ̀ṣúu. Pé òun ló ń bọ́ ẹgbẹ́ Alóńgo. Pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí i ló gbé ọkọ rẹ̀ dé Ọ̀yọ́. Pé igi tí wọ́n pàgọ́ sí ìdí rẹ̀ ni àjàgbọn. Tí ẹ bá fẹ́ kọ ti àwọn ọdẹ mẹ́rin yòókù, ẹ lọ bá àwọn ará Òkè Ẹlẹ́rìn, ẹ lọ bá àwọn ará Ìjẹ̀rú àti Ìsàpá, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.

Mo ti sọ fún ọmọ ọmọ mi pé kó tètè dé Sábó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí ìwé ìròyìn má baà tán. Mo ti ní kó ra méjì.

Èmi ni,
Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè Ẹlẹ́rìn, Ògbómọ̀ṣọ́.